Ààlà Tí Àwòrán Ọpọlọ Kò Lè Fà

Ní ọdún 1817, James Parkinson, oníṣègùn kan ní Hoxton ní ìlú London, tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde lórí àìsàn tó máa ń mú ara gbọ̀n. Ènìyàn mẹ́fà péré ló fi ṣe ẹ̀rí. Ojú pópó ló ti pàdé àwọn kan nínú wọn, ọ̀kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé òkèèrè ló ti wò ó. Ó ṣàpèjúwe ọwọ́ tó ń gbọ̀n nígbà tí ènìyàn kò fi ṣe nǹkan kan, ẹ̀yìn tó tẹ̀, àti ìrìn tó ń sáré síwájú bí ìrìn ẹni tí wọ́n tì lẹ́yìn. Ó wá fi kún un pé àìsàn náà kì í dé ibi òye: ara ló ń yọ lẹ́nu, iyè kò ṣe nǹkan kan. Àwọn dókítà tún ọ̀rọ̀ yìí sọ fún ìgbà pípẹ́, kò sì yẹ kó yani lẹ́nu. Ẹni tí a bá rí lójú pópó, ẹsẹ̀ rẹ̀ la ó rí. A kò ní sí níbẹ̀ nígbà tó bá ń ka owó tí kò yé e mọ́. Lónìí, tí à ń pe àìsàn náà ní àrùn Parkinson, a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò rí bí ọkùnrin náà ṣe rò ó. Ní Sydney, lórílẹ̀-èdè Australia, wọ́n tẹ̀ lé ènìyàn 136 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé àìsàn náà wà lára wọn. Nígbà tí ogún ọdún pé, 30 ló kù láyé, àwọn tó sì ti ń ṣarán nínú àwọn 30 náà jẹ́ ìdá 83 nínú 100. Láti ìgbà tí irú òǹkà bẹ́ẹ̀ ti ń jáde ni wọ́n ti túbọ̀ ń fi ẹ̀rọ wo inú orí, kí wọ́n lè mọ ẹni tí iyè rẹ̀ máa tó dín kù. Ìbéèrè tèmi kì í ṣe ti dókítà. Bí àwòrán bá sọ pé ọpọlọ ẹnì kan ti ń joro, kí ló ti sọ nípa ẹni náà fúnra rẹ̀? Èrò mi ni pé àwòrán lè sọ òtítọ́ nípa ọpọlọ láìlè sọ ibi tí òye ẹni náà parí sí, nítorí òye ọmọ ènìyàn kò fi agbárí ṣe ààlà. Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ fún èyí kò sì sí lọ́wọ́ pásítọ̀, àáfà tàbí babaláwo. Inú ìlànà tí àwọn dókítà fúnra wọn kọ ló wà.

Ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ̀rọ ń yà. Ẹ̀rọ MRI ń fi òòfà ńlá àti ìgbì rédíò gba àmì lọ́dọ̀ omi inú ara. Bí omi ṣe wà nínú ẹran ara ni kọ̀ǹpútà fi ń ya àwòrán. Ní ti ẹ̀rọ PET, wọ́n á gún ẹni náà ní abẹ́rẹ́ ṣúgà tí wọ́n so èròjà tó ń tan ìtànṣán mọ́. Agbára èròjà yìí máa ń dín sí ìdajì láàárín bí àádọ́fà ìṣẹ́jú, nítorí náà ilé ìwòsàn tó bá jìnnà síbi tí wọ́n ti ń ṣe é kò lè rí i lò. Ibi tí ọpọlọ bá ti ń jẹ ṣúgà dáadáa á mọ́lẹ̀, ibi tí agbára rẹ̀ ti rẹ̀ á ṣókùnkùn. Ọ̀nà kẹta ń wo ẹ̀jẹ̀: bí ẹ̀jẹ̀ tó gbé atẹ́gùn oxygen ṣe ń ṣàn lọ síbi tí iṣẹ́ pọ̀ sí, èyí tí Seiji Ogawa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ là kalẹ̀ ní 1990. Omi, ṣúgà, ẹ̀jẹ̀. Kò sí èrò nínú wọn, kò sí àdúrà, kò sí orúkọ ọmọ. Àwọ̀ pupa àti yẹ́lò tó ń dán nínú àwòrán tí ìwé ìròyìn máa ń tẹ̀, kọ̀ǹpútà ló kùn ún lẹ́yìn ìṣirò gígùn, ìṣirò náà sì lè ṣì. Ní 2009, Craig Bennett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé òkú ẹja salmon sínú ẹ̀rọ, wọ́n fi fọ́tò ènìyàn hàn án, wọ́n ní kó sọ bí inú àwọn tó wà nínú fọ́tò ṣe rí. Nígbà tí wọ́n ṣe ìṣirò láìṣe àtúnṣe tó yẹ, ibì kan tàn nínú ọpọlọ ẹja náà. Kì í ṣe ẹ̀rọ ni wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn tó ń ka àwòrán láìṣírò dáadáa ni wọ́n ń bá wí.

Síbẹ̀, ẹni tó bá sọ pé àwòrán ọpọlọ kò já mọ́ nǹkan kan kò mọ ohun tó ń sọ. Nísàlẹ̀ ọpọlọ, lápá iwájú, ìdìpọ̀ sẹ́ẹ̀lì kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní nucleus basalis of Meynert. Ibẹ̀ ni acetylcholine, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn, ti ń jáde lọ sí gbogbo èèpo ọpọlọ; láìsí i, ènìyàn kò lè pọkàn pọ̀. Àwọn olùwádìí ti rí i pé láàárín àwọn tó ní àrùn Parkinson tí òye wọn ṣì pé, àwọn tí ibí yìí ti kéré nínú MRI ni iyè wọn sábà máa ń dín kù ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e. Àwòrán PET náà ń fi hàn pé lára àwọn tó ti ń ṣarán, ṣúgà kì í jó dáadáa mọ́ lẹ́yìn orí, níbi tí ọpọlọ ti ń túmọ̀ ohun tí ojú rí. Ní 2007, ẹgbẹ́ tí David Eidelberg ń darí ní New York ṣàpèjúwe odidi ọ̀wọ́ kan nínú ọpọlọ tó ń yí padà bí òye ṣe ń yí padà. Ìwọ̀nyí kì í ṣe àbá. Wọ́n ń sọ tẹ́lẹ̀, àsọtẹ́lẹ̀ wọn sì ń ṣẹ ju bí ì bá ṣe ṣẹ bí a bá kàn méfò. Bí mo bá fẹ́ sọ pé òye ènìyàn ju ọpọlọ lọ, inú ìmọ́lẹ̀ àwọn ẹ̀rí yìí ni mo gbọ́dọ̀ ti sọ ọ́, kì í ṣe nípa sísá fún wọn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń pinnu pé ẹni tó ní àrùn Parkinson ti ń ṣarán. Ẹgbẹ́ àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Movement Disorder Society gbé ìlànà kalẹ̀ ní 2007 fún arán ṣíṣe, wọ́n sì gbé òmíràn kalẹ̀ ní 2012 fún ìdínkù òye tí kò tíì le. Ohun tó ya méjèèjì sọ́tọ̀ kì í ṣe bí ọpọlọ ṣe kéré tó, kì í ṣe iye ṣúgà tó ń jó níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ní ká bèèrè ni pé ṣé ìdínkù òye náà ti dí ìgbé ayé ojoojúmọ́ lọ́wọ́: ṣé ó ṣì lè ṣètò owó rẹ̀, ṣé ó ṣì lè lo oògùn rẹ̀ bó ṣe yẹ, ṣé ó ṣì ń bá ẹgbẹ́ àti ọ̀gbà ṣe? Wò ó báyìí. Ká ní ọkùnrin méjì ní irú àwòrán ọpọlọ kan náà gan-an. Ọ̀kan wà nínú agbo ilé ní Ìbàdàn, ìyàwó rẹ̀ ló ń ka oògùn lé e lọ́wọ́, ọmọ rẹ̀ ló ń gba owó ìfẹ̀yìntì, bó bá sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń dárúkọ ara rẹ̀ bó ṣe ń kí i. Èkejì ń dá gbé lókè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Peckham ní London, ó ń fi fóònù san owó iná, ó ń pààrọ̀ bọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé ilé ìwòsàn, òun nìkan ló sì ń rántí wákàtí tó yẹ kó lo oògùn tó gbọ́dọ̀ lò nígbà mélòó kan lójúmọ́. Èkejì yìí ni wọn yóò kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ pé ó ti ń ṣarán, kódà tó bá jẹ́ pé ọdún kan náà ni sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Àwọn dókítà mọ èyí, wọ́n sì ń gbìyànjú láti ṣírò rẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n wọn kò lè yọ ilé kúrò nínú ìbéèrè náà, torí bí wọ́n bá yọ ọ́, kò ní sí ohun tí wọn yóò máa wọ̀n mọ́.

Ààlà mìíràn wà tó tún ya mí lẹ́nu ju èyí lọ. Bí arán bá ṣáájú ara gbígbọ̀n, tàbí tó bá tẹ̀ lé e kí ọdún kan tó pé, wọ́n ń pè é ní orúkọ kan, arán Lewy body. Bó bá ju ọdún kan lọ, ó di arán àrùn Parkinson. Purotéènì kan náà, alpha-synuclein, ló dì gbàgìdì sínú sẹ́ẹ̀lì nínú méjèèjì, ìdì tí Friedrich Lewy kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní 1912. Kàlẹ́ńdà ló ya orúkọ wọn. Wọ́n sì ti rí irú ìdì yìí nínú ọpọlọ àwọn arúgbó kan lẹ́yìn ikú wọn, tí wọn kò gbọ̀n rí, tí wọn kò sì ṣarán rí títí wọ́n fi jáde láyé.

Ẹnì kan lè dáhùn pé mo ń da bí a ṣe ń mọ àrùn pọ̀ mọ́ ohun tí àrùn jẹ́. Ó lè sọ pé inú orí ni òye ti dín kù, ilé kàn ń bò ó tàbí ń tú u síta ni. Àtakò tó le nìyí, mi ò ní fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti gbà kó tó dé pé òye jẹ́ nǹkan kan tó kún inú agbárí tẹ́lẹ̀, tó wá ń jò. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni òye ẹni tí ara rẹ̀ le pàápàá rí? Alájọ tó ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ ń fi àmì sí káàdì. Gba káàdì yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní lè sọ iye tí ogójì oníbàárà ti dá, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa sọ pé kò lóye iṣẹ́ rẹ̀. Òun, káàdì, àti àwọn oníbàárà tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ló jọ ń mọ ìṣirò náà. Ọ̀nà tí òye fi ń dín kù nínú àrùn Parkinson gan-an sì ti èrò yìí lẹ́yìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kì í sábà jẹ́ pé ohun tí ènìyàn mọ̀ ti parẹ́. Ètò ṣíṣe, ìfọkànsí àti wíwá nǹkan rí nínú iyè ló ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Bí o bá ní kó ka ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tó gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó lè rántí mẹ́ta. Bí o bá sọ fún un pé èso ni ọ̀kan nínú wọn, ó lè mú un jáde lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹni tí yóò pè é jáde ló kù. Nígbà tí aya tàbí ọmọ bá ń ṣe iṣẹ́ ìpejáde yìí láràárọ̀, mi ò rò pé òye tó wà láàárín àwọn méjèèjì jẹ́ ayédèrú.

Iṣẹ́ ìwádìí ńlá kan tó wáyé ní Ìdíkàn ní Ìbàdàn bá ọ̀rọ̀ yìí mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé arán ọjọ́ ogbó lápapọ̀ ló dá lé, kì í ṣe ti Parkinson. Benjamin Ọ̀ṣúntókun, Adéṣọlá Ògúnníyì, àti Hugh Hendrie láti Indianapolis wà lára àwọn tó gbé e ró nínú àwọn ọdún 1990. Ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 sọ pé nínú 100 àgbàlagbà, arán mú bí 1.35 lọ́dọọdún ní Ìbàdàn, nígbà tó mú 3.24 láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ní Indianapolis. Àwọn kan sọ lójú ẹsẹ̀ pé agbo ilé Yorùbá ló ń bo arán mọ́lẹ̀, torí ta ló máa ní kí bàbá àgbà lọ sanwó iná? Àwọn olùwádìí náà ti ronú kan ìyẹn. Ìdánwò wọn ní apá méjì: wọ́n bi àgbàlagbà náà léèrè, wọ́n sì bi ìbátan tó sún mọ́ ọn léèrè nípa rẹ̀. Èmi kò fẹ́ fi òǹkà wọn yangàn pé Yorùbá kì í ṣarán. À ń ṣarán. Ohun tó wù mí nínú iṣẹ́ wọn ni ọ̀nà tí wọ́n gbé e gbà. Nígbà tí wọ́n ń wá irinṣẹ́ tí yóò ṣiṣẹ́ ní ìlú méjèèjì, kì í ṣe inú orí ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n lọ wá a sí.

Àtakò tó tún le ju ti àkọ́kọ́ lọ ti ọ̀dọ̀ ìwà wá. Láti ìgbà tí Oleh Hornykiewicz àti Herbert Ehringer ti fi hàn ní Vienna ní 1960 pé dopamine, èròjà mìíràn tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́, ti dín kù gan-an nínú ọpọlọ àwọn tó ní àrùn yìí, oògùn tó ń dá a padà tàbí tó ń ṣe bí ẹni pé òun ni dopamine ti pọ̀. Ṣùgbọ́n ní 2010, ìwádìí kan lórí ènìyàn 3,090 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà fi hàn pé 13.6 nínú 100 ló ní ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ tí wọn kò lè kápá: tẹ́tẹ́, rírajà láìnídìí, ìbálòpọ̀, àjẹjù. Ó pọ̀ gan-an láàárín àwọn tó ń lo oríṣi oògùn tó ń ṣe bíi dopamine. Ẹni tí kò ta tẹ́tẹ́ rí láyé rẹ̀ lè ta ilé. Bí hóró oògùn bá lè ṣe èyí, kí ló kù tí a óò pè ní ìwà ènìyàn? Àwọn tó gbà pé ìwà lẹ̀sìn, tí wọ́n sì gbà pé Olódùmarè ni yóò bi ènìyàn léèrè ìwà rẹ̀, kò lè fojú fo ìbéèrè yìí. Ìdáhùn mi ni pé hóró oògùn fi hàn pé ìfẹ́ inú ń gba inú ọpọlọ kọjá, èyí tí kò sẹ́ni tó jiyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà bá dín oògùn kù, tí ìyàwó sì sọ pé ọkọ òun ti padà bọ̀ sípò, ipò wo ló ń sọ? Kò ní àwòrán tó fi ṣe òṣùwọ̀n. Ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti jọ gbé ló fi wọ̀n ọ́n. John Locke, onímọ̀ ọgbọ́n orí, kọ ní 1694 pé ohun tí ènìyàn bá rántí pé òun ṣe ló ń jẹ́ kó jẹ́ ẹnì kan náà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, arúgbó tó bá gbàgbé ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ti di ẹlòmíràn. Mi ò rò pé Locke gbé inú ilé tí kò sẹ́lòmíràn tó rántí.

Òfin ẹ̀sìn pàápàá ti fi ọgbọ́n gba ibí yìí kọjá. Àwọn mùsùlùmí gbà pé a ti gbé kálàmù tí a fi ń kọ iṣẹ́ ènìyàn sílẹ̀ kúrò lórí ẹni tí làákàyè rẹ̀ kò sí mọ́: kò sí ọ̀ranyàn ìrun tàbí ààwẹ̀ lórí rẹ̀. Àwọn ara ilé rẹ̀ kì í sì dúró de àwòrán ọpọlọ kí wọ́n tó mọ̀ pé kálàmù ti gbéra. Wọ́n ń rí i lójoojúmọ́. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni láti rò pé bí ọ̀ranyàn bá ti kúrò, ọ̀wọ̀ náà ti kúrò. Àwọn kan nínú àwa Yorùbá sì máa ń fi orí parí ọ̀rọ̀, pé bó ṣe yàn án nìyẹn. Ẹni tó bá fi àkúnlẹ̀yàn dí ọ̀nà ilé ìwòsàn mọ́ ìyá rẹ̀, ọ̀lẹ ló ń ṣe, ó kàn wọṣọ ìgbàgbọ́ fún un.

Ọ̀rọ̀ ìran rírí wá gba pé ká dúró díẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní àrùn Parkinson máa ń rí ohun tí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kò rí: ọmọdé nínú iyàrá, ajá lábẹ́ àga, ìbátan tó ti kú tó jókòó sí ìdí ibùsùn. Ibi ẹ̀yìn orí tí àwòrán ń fi hàn pé ṣúgà kò jó dáadáa wà lára ohun tó ń fa èyí, oògùn náà sì lè dá kún un. Ní àdúgbò wa, ìyá àgbà tó bá ń bá ẹni tí a kò rí sọ̀rọ̀ lóru wà nínú ewu gidi, torí àwọn kan ti ń pe irú wọn ní àjẹ́, àwọn mìíràn sì ti gbé wọn lọ sí ilé àdúrà níbi tí wọ́n ti so wọ́n mọ́lẹ̀. Níhìn-ín, mo fara mọ́ àwòrán ọpọlọ pátápátá, kò sì sí àlàyé nípa ẹ̀mí tí yóò mú mi yí padà: ẹni tó bá ní àrùn Parkinson tó sì ń rí ènìyàn tí kò sí níbẹ̀, ìtọ́jú ló nílò. Àwọn onígbàgbọ́ kan á rán mi létí pé bí òkú bá fara hàn ní tòótọ́, ọpọlọ ni yóò ṣì fi rí i, nítorí náà àwòrán kò lè já ìran kankan nírọ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ohun tí kò lè já ìran nírọ́ kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ náà, kò sì sí ìwé ẹ̀sìn tó pàṣẹ pé ká fi ìyá àgbà sínú okùn nítorí ohun tí a kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù nínú àtakò ni ti àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn. Wọ́n lè ní: ìwọ sọ pé òye wà nínú ilé, ta wá ni ilé? Ọmọbìnrin kan ni, tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Aya kan ni, tí kò sùn mọ́jú láti bí ọdún mẹ́ta. Wọ́n jàre. Bí òye arúgbó bá wà láàárín òun àti olùtọ́jú rẹ̀, a jẹ́ pé àárẹ̀ olùtọ́jú náà wà lára àrùn, ó sì yẹ kí ìjọba àti ilé ìwòsàn máa wò ó bẹ́ẹ̀. Ọ̀wọ̀ tí à ń bù fún àgbà náà ní ewu tirẹ̀. Nítorí a kò fẹ́ sọ pé bàbá ń gbàgbé, a ń ṣe é fún un, a ń bò ó, títí ọdún mẹ́rin yóò fi kọjá kí dókítà tó gbọ́. Bẹ́ẹ̀, ìwádìí kan tó jáde ní 2004 ti fi hàn pé rivastigmine, oògùn tó ń jẹ́ kí acetylcholine pẹ́ nínú ọpọlọ, ń ran àwọn aláìsàn yìí lọ́wọ́ díẹ̀. Díẹ̀ yìí náà la ń fi bíbò dù wọ́n. Èmi kò sọ pé ilé rere ń wo àrùn sàn. Sẹ́ẹ̀lì tó ti kú ti kú, bó ti wù kí agbo ilé tóbi tó.

Ó ku àwọn tó ń wojú ọjọ́ iwájú, tí wọ́n gbà pé ìmọ̀ yóò tó fa ààlà náà láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Ìrètí wọn kì í ṣe asán. Ní 2023, ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ láti Nàìjíríà, títí kan Njideka Okubadejo ti Yunifásítì Èkó, kópa nínú rẹ̀ rí ìyàtọ̀ kan nínú jíìnì GBA1 tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ìran wọn ti ilẹ̀ Áfíríkà wá, tó sì ń mú kí àrùn Parkinson rọrùn láti mú wọn. Wọ́n tún ti ń rí alpha-synuclein tó dì nínú omi ọ̀pá ẹ̀yìn, nígbà mìíràn kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Nítorí èyí, ní 2024, àwọn onímọ̀ kan dábàá pé kí a má fi gbígbọ̀n ọwọ́ sọ àrùn náà lórúkọ mọ́, kí a fi purotéènì yìí sọ ọ́, wọ́n sì to ìpele rẹ̀ láti òdo dé ẹ̀kẹfà. Jíìnì, purotéènì àti àwòrán dopamine ló ń pinnu àwọn ìpele ìsàlẹ̀. Láti ìpele kẹta lọ sókè, wọ́n padà sí ìbéèrè tó wà nínú ìlànà 2007: báwo ni àìsàn náà ṣe dí ìgbé ayé ẹni náà lọ́wọ́ tó, díẹ̀ ni, àbí púpọ̀? Ìdáhùn sí ìyẹn, ẹnu ẹni náà àti ẹnu ẹni tó ń bá a gbé ni wọ́n ti ń gbà á.